Látìgbà tí VAR (ẹ̀rọ fídíò tí rẹfirí fi ń tún ìdájọ́ wò) ti dé, ṣé ìrẹ́jẹ dín kù nínú bọ́ọ̀lù àgbáyé àbí ó kàn ní ẹ̀rí sí i ni?

ỌmọMọ́kọ́lá:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè kan ni mo gbé wá, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ òfin bọ́ọ̀lù dáadáa dá mi lóhùn, torí lánàá èmi àti àbúrò mi fẹ́ẹ̀ jà sí i nílé, ìyá wa ló là wá.

Ó ń wo fídíò Nàìjíríà àti Argentina ti 2018 lórí fóònù ẹ̀, máàṣì St Petersburg ọjọ́ 26 oṣù kẹfà yẹn. Messi ti kọ́kọ́ gbá tiẹ̀ wọlé, nígbà tí wọ́n ti ìsinmi dé Victor Moses fi pẹnáritì dá a padà, 1-1, ọ̀mì sì ti tó wa láti kọjá sí ipele tó kàn. Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n gbé bọ́ọ̀lù wá síwájú ilé Argentina, Marcos Rojo fò sókè ó fi orí kàn án, bọ́ọ̀lù kúrò lórí ẹ̀ ó bà á lápá, apá ọ̀hún sì ṣí sílẹ̀, kò lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀ rárá. Bọ́ọ̀lù bọ́ síwájú Ighalo, Ighalo gbá a síta. Gbogbo wa níbi tí a ti ń wò ó ní Mọ́kọ́lá dìde, a ò tiẹ̀ ráyè bínú sí Ighalo, "háńbọ́ọ̀lù! háńbọ́ọ̀lù!" la ń pariwo. Rẹfirí ará Tọ́kì yẹn, Cüneyt Çakır, sáré lọ síbi tẹlifíṣọ̀n kékeré ẹ̀gbẹ́ pápá, ó wò ó, ó padà wá, ó ní kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù wọn lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀, nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, Rojo yìí kan náà ló gbá góòlù tó lé wa padà sílé.

Ohun tó ń jà mí lọ́kàn rèé o. Ọjọ́ kan ṣáájú ìyẹn, Iran àti Portugal, bọ́ọ̀lù ti orí ẹni tí wọ́n jọ ń du ú ba Cédric ti Portugal lápá, wọ́n súnmọ́ra débi pé kò ráyè gbé apá kúrò, rẹfirí lọ wo tẹlifíṣọ̀n, ó fún Iran ní pẹnáritì. Ọjọ́ kejì tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Ife Àgbáyé kan náà, VAR kan náà, yàrá kan náà ní Moscow ni wọ́n ti ń wo gbogbo ẹ̀.

Tẹ́lẹ̀, tí rẹfirí bá ṣì í, a máa ń ní ojú ẹ̀ ò tó o ni, èèyàn ṣáà ni. Ó máa dùn wá, àwọn kan á sunkún, a máa gbàgbé. Ní báyìí ó rí i. Wọ́n fà á jẹ́jẹ́ fún un lójú ẹ̀, ó rí i, ó ní kò sí nǹkan kan. Ìyẹn ló ń pa mí. Àbúrò mi ní kí wọ́n kó ẹ̀rọ yẹn dànù kí bọ́ọ̀lù padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀. Èmi ò mọ èwo ni kí n mú. Ẹ bá mi dá sí i.

Àgbà_Súrùlérè:

Àbúrò mi, bá mi sọ fún àbúrò ẹ pé kò mọ ohun tó ń bèèrè fún. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn ò tíì bí i lọ́jọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Mo wà ní Súrùlérè lọ́jọ́ 13 oṣù kejì ọdún 2000. Fáínàlì Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà, àwa àti Kamẹrúùnù. Àárọ̀ la ti wà nínú oòrùn, àkàrà àti búrẹ́dì tí ìyàwó mi dì fún mi ti tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Eto'o gbá ọ̀kan, Mboma gbá ìkejì, gbogbo pápá pa lọ́lọ́, o lè gbọ́ ohùn àwọn tó ń ta omi. Raphael Chukwu dá ọ̀kan padà kí wọ́n tó lọ sinmi, bí wọ́n ṣe wọlé padà báyìí Okocha lu ìkejì láti òkèèrè, ọkùnrin kan tí mi ò rí rí gbé mi sókè bí ọmọdé, bàtà mi kan já bọ́ níbẹ̀, mi ò rí i mọ́ títí dòní. 2-2. Ẹ́sítírà táìmù ò yanjú ẹ̀. Ó di pẹnáritì.

Kanu pàdánù tiẹ̀. Victor Ikpeba wá bọ́ síwájú. Ó gbá a, bọ́ọ̀lù lu ọ̀pá òkè, ó já sílẹ̀, ó ta padà síta. Ibi tí mo jókòó sí jìnnà, mi ò ní purọ́ pé mo rí ìlà. Ohun tí mo rí ni pé rẹfirí, Mourad Daami ará Tunisia, ní kò wọlé. Rigobert Song gbá tiẹ̀ wọlé, 4-3, ife lọ sí Yaoundé. Àfìgbà tí mo délé lóru tí wọ́n ń gbé e padà lórí tẹlifíṣọ̀n ni mo tó rí i pé ẹ̀yìn ìlà ni bọ́ọ̀lù yẹn já sí, nínú ilé. Ìyàwó mi ò tiẹ̀ fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, òun ló nàka sí i, ó ní "ṣebí inú nìyẹn?"

Gbogbo ẹni tó ní tẹlifíṣọ̀n nílé ló rí i, àfi ẹni tó ní fèrè lọ́wọ́. Kò sí ẹni tó lè sọ fún un nígbà náà pé kó dúró ná. Kò sí ibi téèyàn lè pe ẹjọ́ náà lọ. Ṣé ibi tí àbúrò ẹ fẹ́ ká padà sí nìyẹn?

Ohun tó tún wá dùn mí níbẹ̀ ni pé ọdún mẹ́wàá ni ọ̀rọ̀ yẹn fi wà nílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tó ṣẹlẹ̀ sí Frank Lampard ní Bloemfontein ní 2010, England àti Jámánì, tí bọ́ọ̀lù lu ọ̀pá òkè tó já sílẹ̀ sẹ́yìn ìlà kedere tí rẹfirí ní kí wọ́n máa gbá a lọ, ìgbà yẹn ni Blatter, ọ̀gá FIFA nígbà náà, tó tọrọ àforíjì, ni àwọn tó ń ṣòfin tó jókòó, ní oṣù keje 2012 wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀rọ orí ìlà, 2014 ní Brazil ló sì kọ́kọ́ wọ Ife Àgbáyé. Inú mi dùn pé wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n wọ́n ì bá ti bẹ̀rẹ̀ látorí ti Ikpeba.

Kọ́lá_Ìlọrin:

Ẹ̀yin ẹ máa ṣàlàyé o. Èmi gbà pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Tó bá jẹ́ apá ọmọ Nàìjíríà ni bọ́ọ̀lù bà, tí Messi wà níwájú ibẹ̀, ṣé Çakır máa tiẹ̀ dé ibi tẹlifíṣọ̀n kó tó fún wọn? Àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ni VAR ń ṣiṣẹ́ fún.

Fèrè_Abẹ́òkúta:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i, torí iṣẹ́ mi ni. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń fọn fèrè, kì í ṣe lígì ńlá o, ìdíje àdúgbò, iléèwé, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ogún ọdún.

Kọ́lá, mi ò bá ẹ jà, ṣùgbọ́n Jámánì ńkọ́? 2022 ní Qatar, Japan àti Spain, bọ́ọ̀lù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán pátápátá kí Mitoma tó fi ẹsẹ̀ fà á padà, Tanaka tì í wọlé. Gbogbo ayé ló ní ó ti jáde. VAR wò ó láti òkè, ó ku 1.88 mìlímítà lórí ìlà. Góòlù. Rẹfirí ọjọ́ náà, Victor Gomes, ọmọ South Africa ni. Góòlù yẹn ló gbé Japan lọ, tó sì lé Jámánì sílé, Jámánì tó ti gba ife yẹn lẹ́ẹ̀mẹrin, lọ́jọ́ tí àwọn fúnra wọn na Costa Rica 4-2. Tó bá jẹ́ àwọn ńlá nìkan ló ń ṣiṣẹ́ fún, wọn ì bá ti pè é síta.

@ỌmọMọ́kọ́lá, ìbéèrè tìẹ ló nípọn. VAR ò ní ẹnu nínú gbogbo nǹkan. Nǹkan mẹ́rin ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2018: góòlù, pẹnáritì, káàdì pupa tààrà, àti tí rẹfirí bá fún ẹlòmíì ní káàdì ẹni ẹlẹ́ni. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn náà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àṣìṣe tó hàn gbangba, tí kò ní àríyànjiyàn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ọfusáìdì, ọ̀rọ̀ ìlà ni. Bọ́ọ̀lù wọlé àbí kò wọlé, ọ̀rọ̀ ìlà ni, kámẹ́rà lè wọ̀n ọ́n. Háńbọ́ọ̀lù ò ní ìlà. Lọ́dún yẹn ohun tí òfin ń bi wá ni pé ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ṣé ọwọ́ ló lọ bá bọ́ọ̀lù àbí bọ́ọ̀lù ló wá bá ọwọ́, báwo ló ṣe jìnnà tó, ṣé ó ń retí ẹ̀. Ti Rojo, orí òun fúnra ẹ̀ ni bọ́ọ̀lù ti kúrò, kò tó nínà apá kan. Púpọ̀ nínú wa ni wọ́n kọ́ pé tó bá ti ara ẹni ba ọwọ́ ẹni, kí a sábà fi sílẹ̀, nígbà tí wọ́n sì tún òfin yẹn kọ ní 2019 wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere. Torí náà Çakır rí nǹkan dì mú. Tó bá jẹ́ èmi, bóyá èmi ì bá fún yín ní pẹnáritì, torí apá yẹn ṣí jù, mi ò lè parọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n tí o bá bi mí pé èwo ló ṣì nínú méjèèjì, ti Iran ni màá sọ, kì í ṣe tiyín. Kò yẹ kí wọ́n fún Iran.

Ẹ̀rọ kan náà, èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ojú kámẹ́rà ló pọ̀ sí i, ẹni tó ń dájọ́ ò tíì yí padà.

Mo fẹ́ sọ tèmi fún yín, torí àwọn tó ní kí wọ́n kó o dànù. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, fáínàlì ìdíje àdúgbò kan ni, pápá iyanrìn. Ọmọ kan yìn ín láti ẹ̀gbẹ́, mo wà ní bí ogún yáàdì síbẹ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀ mí lójú, mo gbójú sókè mo rí bọ́ọ̀lù nínú àwọ̀n. Mo fọn fèrè, mo nàka sí àárín. Àwọn kejì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Kípà wọn, ọmọ kékeré kan tí ìbọ̀wọ́ ẹ̀ ti ya ní àtàǹpàkò, kò pariwo ní tiẹ̀, ó kàn di ọwọ́ mi mú, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá wò ó." Mi ò lọ. Wọ́n kọ́ wa pé rẹfirí tó bá ń tẹ̀lé kípà lọ wo àwọ̀n, wọn ò ní bọ̀wọ̀ fún un mọ́. 1-0 ló parí sí. Lẹ́yìn máàṣì ni ọmọdékùnrin kan gbé fóònù ẹ̀ wá bá mi. Ihò ló wà lára àwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìta ni bọ́ọ̀lù gbà wọlé. Mo dúró títí gbogbo wọn fi lọ, mo lọ síbẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ ihò náà, ó kọjá dé èjìká mi. Iṣẹ́ mi ni láti yẹ àwọ̀n wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mi ò ṣe é lọ́jọ́ yẹn. Alẹ́ ọjọ́ yẹn mo lọ bá kóòṣì wọn nílé, mo dọ̀bálẹ̀, ó gbé mi dìde, ó ní ife ti lọ, kò sí ohun tí a fẹ́ ṣe. Mo ní kó bá mi bẹ kípà yẹn. Ó ní ọmọ náà ti sùn.

Ẹ wá sọ fún mi pé n ò nílò tẹlifíṣọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ìṣẹ́jú kan péré ni.

Èyí tí mi ò fara mọ́ ni kí wọ́n ṣèlérí ẹ̀rọ kó má ṣiṣẹ́. Ẹ rántí fáínàlì Champions League Áfíríkà ní 2019, máàṣì kejì nínú méjì, ní Radès, Espérance ti Tunisia àti Wydad ti Morocco. Wydad gbá a wọlé, wọ́n ní ọfusáìdì, Wydad ní kí rẹfirí, Gassama, lọ wo VAR, wọ́n wá sọ fún wọn pé ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wydad ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́, máàṣì dópin síbẹ̀. Bí o bá ti sọ fún èèyàn pé ilé ẹjọ́ wà, tó débẹ̀ tó bá ilẹ̀kùn ní títì, ohun tó máa ṣe ò ní dáa.

ÌyáFalcons:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọkùnrin. Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ látàárọ̀, ẹ ò dárúkọ obìnrin kan. Fèrè, ẹ ṣeun, ìtàn kípà yẹn wọ̀ mí lára, ó rán mi létí Chiamaka Nnadozie, kípà àwọn obìnrin wa.

Rennes, 17 June 2019, Ife Àgbáyé àwọn obìnrin, àwa àti France tó gbàlejò. Àwọn ọmọ wa dì í mú, 0-0, ó ti ń lọ sí ọgọ́rin ìṣẹ́jú. VAR fún France ní pẹnáritì torí Ngozi Ebere ta Asseyi lẹ́sẹ̀, Ebere gba káàdì yẹ́lò kejì, ó jáde. Mi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Wendie Renard bọ́ síwájú, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ga tó. Nnadozie, ọmọ ọdún méjìdínlógún, dúró síwájú ẹ̀. Renard gbá a, ó lu òpó, ó jáde! Mo ti kúnlẹ̀ ní pálọ̀ mi, mo ti ń kọrin, àwọn ọmọ mi ti ń jó yí mi ká. Mo ṣì wà lórí orúnkún mi nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n tún un gbá. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ọmọ náà ti kúrò lórí ìlà kí Renard tó gbá bọ́ọ̀lù. Ó tún un gbá, ó wọlé, 1-0.

Òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrò o. Òfin ní ẹsẹ̀ kan ó kéré tán gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà, oṣù yẹn gan-an ni òfin tuntun yẹn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù! Òpó ló lé e dànù, kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọ náà. Kí ni ẹsẹ̀ díẹ̀ yẹn ṣe fún Renard? Mo sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn tó fẹ́ gbọ́ lọ́dún yẹn, wọ́n ní òfin lòfin. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń ṣòfin jókòó wọ́n yí i padà: tí bọ́ọ̀lù bá lọ síta tàbí tó lu òpó tó padà láìjẹ́ pé kípà fọwọ́ kàn án, wọn ò gbọ́dọ̀ tún un gbá àfi tí ohun tí kípà ṣe bá da ẹni tó ń gbá a láàmú kedere. Ohun tí mo ń pariwo gan-an nìyẹn! Wọ́n fi ọmọ wa kọ́gbọ́n. Ọpẹ́lọpẹ́ pé a ṣì yọ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára àwọn tó ṣe ipò kẹta dáadáa.

Èmi kì í ṣe ọ̀tá VAR ṣá. Brisbane 2023, àwa àti England, rẹfirí ti fún England ní pẹnáritì, ó lọ wo tẹlifíṣọ̀n, ó gbà á padà. Nígbà tí Lauren James dìde tó fi bàtà tẹ Michelle Alozie lẹ́yìn, káàdì yẹ́lò ni wọ́n kọ́kọ́ fún un, VAR ló sọ ọ́ di pupa. A pàdánù nínú pẹnáritì lọ́jọ́ yẹn, 4-2, ó dùn mí wọra, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò wa sọ pé wọ́n yàn wá jẹ. Ẹ ṣáà mọ ohun tó yàtọ̀? Ife yẹn ni Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ tí rẹfirí ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ ìdájọ́ ẹ̀ fún gbogbo pápá lẹ́yìn tó bá wo tẹlifíṣọ̀n tán. Ó ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu ara ẹ̀. Tí Çakır bá ti sọ fún wa lọ́jọ́ yẹn pé "orí ẹ̀ ló ti kúrò kó tó ba apá ẹ̀, mi ò ka ìyẹn sí ẹ̀ṣẹ̀", a ṣì máa bínú, ṣùgbọ́n a ò ní máa ro ó fún ọdún gbọọrọ bí ẹni tí wọ́n pa lẹ́nu mọ́.

Dèjì_Peckham:

Ẹ má bínú sí mi o, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lè má dùn.

Níbi iṣẹ́ mi ní Lọ́ndọ̀nù níbí ọmọ Bosnia kan wà, a jọ ń kó ẹrù ní ilé ìkẹ́rùsí kan, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Rojo, kì í jiyàn. Orúkọ kan ṣoṣo ló máa ń dá: "Dzeko."

Cuiabá ní Brazil, Ife Àgbáyé 2014, àwa àti Bosnia. Dzeko tiwọn gbá a wọlé nígbà tó ṣì wà ní 0-0, láìnsìmáàn gbé àsíá, wọ́n ní ọfusáìdì. Rípìléè fi hàn pé kò sí ọfusáìdì níbẹ̀, kò tiẹ̀ jọ ọ́. Kò pẹ́, Emenike tiwa gba ẹ̀gbẹ́ Spahić tiwọn kọjá, wọ́n ní ó fà á, rẹfirí ò fọn fèrè, ó gbé e sẹ́yìn fún Odemwingie, góòlù. 1-0, ó parí síbẹ̀. Ife Àgbáyé àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè ẹ̀ máa lọ rèé, máàṣì wa ló lé wọn sílé, àwa wá kọjá lọ bá France. Tí VAR bá wà lọ́jọ́ yẹn, mi ò rò pé àwa la máa yọ.

Mo jó lójú títì Peckham lọ́jọ́ yẹn. Mi ò rántí ọmọ Bosnia kankan. Àwọn àgbà bọ̀ wọ́n ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá àgbà òsìkà, èmi sì ti ń dá ẹjọ́ yẹn bẹ́ẹ̀ láti 2018. Ọdún tó kọjá ni mo wá bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n ra kọfí fún òun.

Kọ́lá_Ìlọrin:

Dèjì, ìyẹn wọlé. Ti Rojo ò tíì kúrò lọ́kàn mi ṣá.

ỌmọMọ́kọ́lá:

Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun ìyá wa. Àgbà Súrùlérè, mo ka tiyín fún àbúrò mi, kò lè fèsì. Ó ní òun ò mọ̀ pé ẹ̀rọ orí ìlà ò sí nígbà yẹn.

Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un, torí ọ̀rọ̀ ìyá wa ló mú mi rántí ẹ̀. 7 February 2024, sẹ́mì fáínàlì Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Bouaké, àwa àti South Africa. Troost-Ekong ti fi pẹnáritì gbá ọ̀kan, ó ku bí ìṣẹ́jú márùn-ún, Osimhen ti ìkejì wọlé. Níbi tí mo wà, gbogbo wa ti bọ́ síta. Wọ́n ti ń lu ìkòkò. Ọkùnrin kan gbé ọmọ ẹ̀ sí ọrùn, ó ń sáré lọ sáré bọ̀ lójú títì. Ìgbà tí a máa wọlé padà, rẹfirí ń wo tẹlifíṣọ̀n. Kò wo góòlù Osimhen o! Iwájú ilé tiwa ló padà lọ wò, ibi tí Alhassan Yusuf ti ta Percy Tau lẹ́sẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó rìn débi tí Osimhen wà. Ó fagi lé góòlù, ó fún wọn ní pẹnáritì. A jáde síta ní 2-0, a wọlé bá 1-1. Mokoena gbá a wọlé. Ọkùnrin yẹn sọ ọmọ ẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kò sọ̀rọ̀ kankan, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. A gbọ́ nínú ìròyìn lọ́jọ́ kejì pé àwọn kan tiẹ̀ kú níbi tí wọ́n ti ń wò ó, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere.

Ọpẹ́ ni fún Nwabali, kípà wa, ó mú ti Mokoena yìí kan náà nígbà tó di pẹnáritì, ó tún mú ti Makgopa, Iheanacho parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, tí a bá gbá góòlù mi ò lè dìde mọ́. Ojú rẹfirí ni mo máa ń wò, màá máa wò bóyá ó fọwọ́ kan etí ẹ̀. Ìdájọ́ yẹn tọ̀nà, mo gbà, Yusuf ta á lẹ́sẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó sì gbà lọ́wọ́ mi ò tíì padà.

Lálẹ́ àná lẹ́yìn tí mo ka ti Fèrè, èmi àti àbúrò mi tún gbé fídíò Rojo jáde. A wò ó bí ẹ̀ẹ̀mẹjọ. A ń dá a dúró níbi tí bọ́ọ̀lù ti kúrò lórí ẹ̀, a ń fi ìka wọn bó ṣe jìnnà sí apá ẹ̀ tó lójú fóònù. Àbúrò mi ti yí padà, ó ní òun ò ní fún wa. Èmi ṣì rí i bíi pẹnáritì. Ṣùgbọ́n mi ò ní pe Çakır ní olè mọ́, mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀ láti 2018.

Fèrè_Abẹ́òkúta:

Àbúrò, Sátidé tó ń bọ̀ a ní máàṣì àwọn ọmọ iléèwé, aago mẹ́rin. Àwọn tó ń bá mi di àsíá mú ò pé. Tí o bá lè wá láti Ìbàdàn, ìwọ àti àbúrò ẹ, màá kọ́ yín lóhun tó yẹ, kí ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kí ẹ sọ fún mi bóyá ọfusáìdì ni. Ẹ tètè dé o, aago mẹ́ta ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ àwọ̀n wò.

ỌmọMọ́kọ́lá:

À ń bọ̀ sà. Àwa méjèèjì.